Ìgbà Òtútù Tí Wọ́n Jẹ́ Kí Montaño Lọ

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà oṣù Kọkànlá

Àdéhùn Efraín Montaño parí ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ òní. Láti ìsinsìnyí lọ, ẹgbẹ́ tó bá wù ú ló lè lọ. Ọdún mọ́kànlá ló fi lóṣòó sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù wa, Atukọ̀ Buffalo, tó ń mú bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń jù bí òkò, tí orúnkún rẹ̀ ń dún bí ilẹ̀kùn ilé àtijọ́, tí kò sì ráhùn lọ́jọ́ kan. Colby Renfrew, ọmọ àná tí wọ́n fi ṣe ọ̀gá àgbà ẹgbẹ́ wa, sọ lórí rédíò pé àwọn "ṣì ń bá a sọ̀rọ̀." Mo mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Bí dókítà ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo sọ ọ́ nílé ọtí Irena, létí gbogbo wọn, pé tí wọ́n bá jẹ́ kí Montaño lọ, ẹsẹ̀ mi ò ní tẹ pápá yẹn mọ́. Norbert ẹ̀gbọ́n mi ń jẹ apá adìẹ tirẹ̀ lọ. Delmar Pettway ló dá mi lóhùn. Ẹ̀yìn wa gan-an ni Delmar máa ń jókòó sí ní pápá, ó ti di ọdún mọ́kàndínlógún. Ọgbọ̀n ọdún ló fi pín lẹ́tà kiri àdúgbò yìí, kò sì sí iye kan nínú bésíbọ́ọ̀lù tí kò há sórí.

"Lorraine, ọkùnrin yẹn ti pé ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Amúbọ́ọ̀lù tó bá ti kọjá ọgbọ̀n ọdún, ọkọ̀ àlòkù ni. Ó lè sáré dáadáa lónìí, kó kú sórí afárá lọ́la."

"Bọ́ọ̀sì iléèwé tí mo ń wà, ogún ọdún ló ti lò. Kò tíì kú."

"Ó kú lẹ́ẹ̀mejì loṣù Kejì tó kọjá. Ṣebí èmi ni mo bá ọ létí títì, tí o ń bú u."

Gbogbo ilé ọtí rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Irena tó ni ilé ọtí ní kí n rọra gbé ife kalẹ̀, torí ife òun kò ṣẹ̀ mí.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Yìnyín àkọ́kọ́ bọ́. Ó mu èèyàn dé orúnkún ní Lackawanna, níbí kò ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ. Kò sí ìròyìn.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún

Lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́. Wọ́n ní kí á san owó àga wa ní pápá ti ọdún tó ń bọ̀ kí oṣù Kìíní tó parí. Wọ́n ti fi ìdá méjìlá nínú ọgọ́rùn-ún lé e. Kì í ṣe ìyẹn ló bí mi nínú jù. Àwòrán ta ni wọ́n tẹ̀ síwájú àpòòwé? Montaño! Ó bọ́ ìbòjú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ sí wa bí ẹni ń pe àlejò wọlé. Ọkùnrin tí wọn ò tíì fún níwèé àdéhùn, ojú rẹ̀ ni wọ́n fi ń tọrọ owó lọ́wọ́ wa.

Mo lẹ àpòòwé náà mọ́ ara fíríìjì, kí inú lè máa bí mi láràárọ̀ kí n tó mu kọfí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n. Ọjọ́ Ìdúpẹ́

Norbert wá jẹ tòlótòló. Láti ìgbà tí Walt ọkọ mi ti kú, tí Barb ìyàwó tirẹ̀ sì ti kó lọ sí Florida, àwa méjì péré la máa ń jẹ ẹ́, tí a ó sì máa jẹ àjẹkù rẹ̀ títí oṣù Kejìlá á fi pé ìdajì. Mo jẹ́ kó jẹun díẹ̀ kí n tó gbé ọ̀rọ̀ sílẹ̀.

"Norbert, tí wọ́n bá jẹ́ kó lọ, a ò ní san."

Ó gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀. "Àga Bàbá nìyẹn, Lori."

"Tí Bàbá bá wà láyé, òun ni ì bá kọ́kọ́ ju àga náà lù wọ́n. Àbí o ti gbàgbé ìgbà tí àwọn òṣìṣẹ́ irin daṣẹ́ sílẹ̀? Oṣù mẹ́rin la fi jẹ ọ̀dùnkún."

"Ta ló gbàgbé? Kí ni o rò pé ó fà á tí mi ò fi fọwọ́ kan èyí?" Ó sì ti abọ́ ọ̀dùnkún tí mo fi bọ́tà gún sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọdún méjìlélọ́gọ́ta ni mo ti wà láyé pẹ̀lú ọkùnrin yìí, òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀.

Ó tún gbé fọ́ọ̀kì, ó gé ẹran kan jẹ. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ó dáa. A ò ní san."

Mo ní kó mú ọwọ́ wá. Ó mú un wá. Ọ̀rá tòlótòló wà lọ́wọ́ àwa méjèèjì, ṣùgbọ́n ìlérí ni ìlérí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹta oṣù Kejìlá

Wọ́n ní Montaño wà ní Portland, ó ń wá ilé. Nígbà tó di ọ̀sán wọ́n ní irọ́ ni. Ẹ̀yin oníròyìn, ẹ fẹ́ pa mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹsàn-án

Ó ti lọ.

Mo ti sọ àwọn ọmọ kalẹ̀ tán, mo ń wa bọ́ọ̀sì padà sí àgbàlá ọkọ̀ nígbà tí rédíò sọ ọ́. Portland, ọdún mẹ́rin, mílíọ̀nù méjìdínláàádọ́rin dọ́là. Ọdún méjì ni àwa fi lọ̀ ọ́. Méjì! Ẹni tó bá fi ọdún méjì lọ ẹni tó ti sìn ín fún mọ́kànlá, ó ti ṣílẹ̀kùn fún un, ó ti gbé àpótí rẹ̀ síta. Renfrew ní àwọn dúpẹ́ lọ́wọ́ Efraín, pé ètò wà fún ọjọ́ iwájú. Ètò! Mo pa iná ọkọ̀, mo jókòó sínú òtútù títí Gus tó ń tún ọkọ̀ ṣe fi wá kan gíláàsì, tó bi mí bóyá ara mi ò yá.

Mo ní ara mi yá. Mo ní inú ló ń bí mi. Ó ní, "Áà, Montaño," ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìlá

Nílé ọtí Irena, ẹja díndín. A ti gbọ́ ẹni tí wọ́n fi rọ́pò. Àkọ́kọ́: Dale Hutchens, ajubọ́ọ̀lù ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì, tí àwọn dókítà la ìgúnpá rẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Èkejì: amúbọ́ọ̀lù kan tó ń jẹ́ Teague, tó ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù bí ẹni ń lé eṣinṣin.

"Wàá sọ pé Montaño ti darúgbó," mo sọ fún Delmar. "Báwo ni ti Hutchens ṣe wá jẹ́? Ṣé ọmọ ọwọ́ ni?"

"Ọdún kan ni wọ́n fún un. Owó kékeré. Tí apá rẹ̀ bá dá, kò pa wá lára."

"Tí apá rẹ̀ bá dá, ta ló máa jubọ́ọ̀lù? Ìwọ?"

"Mo ju lẹ́tà sínú àpótí fún ọgbọ̀n ọdún, mi ò ṣì í rí."

"Tèmi lo máa ń jù sínú yìnyín!"

Irena dá sí i látẹ̀yìn káńtà: "Tèmi náà." Delmar gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Ṣùgbọ́n kí a tó dìde, ó fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé kì í ṣe pé òun ò fẹ́ràn ọkùnrin náà. Ó ní ọjọ́ tí wọ́n sin ìyàwó òun, Montaño fi òdòdó ránṣẹ́, torí ẹnì kan sọ fún un pé àga kan ṣófo lẹ́yìn ilé àkọ́kọ́ ní pápá, lábala wa. "Mo fẹ́ràn rẹ̀, Lorraine. Ìṣirò lèmi ń sọ." Mo ní kó fi ìṣirò rẹ̀ ra òdòdó ránṣẹ́ sí mi.

Mo kábàámọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn. Mi ò tíì sọ fún un.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ogúnjọ́

Wọ́n tẹ lẹ́tà mi jáde nínú ìwé ìròyìn, ojú ìwé kẹrin, lábẹ́ ìpolówó táyà. Wọ́n gé ibi tó dùn jù kúrò, ibi tí mo ti pe olówó ẹgbẹ́ ní ahun. Èyí tó kù rèé:

"Ọ̀gbẹ́ni Renfrew, ẹ sọ pé ètò wà. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń sanwó àga ní abala 114, bàbá mi ti ń san án ṣáájú mi. Gbogbo ọ̀gá tó bá dé ló máa ń ní ètò. Ètò a dé, ètò a lọ, àwa la máa ń jókòó sínú òjò. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ fi ètò yín jókòó sórí àga mi. Èmi ò ní sí níbẹ̀."

Tẹlifóònù ò sinmi. Títí di ìrọ̀lẹ́, èèyàn mẹ́tàlélógún ní abala wa ló ti ní kí n kọ orúkọ àwọn sílẹ̀, pé àwọn ò ní san. Norbert pè, ó ní lẹ́tà náà dáa. Ó ní ó gùn díẹ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Kérésì dọ̀la. Ìràwọ̀ àkọ́kọ́ tí a máa ń dúró dè ká tó jẹun ò yọ, kùrukùru láti orí adágún ló bo ojú ọ̀run, a ṣáà jókòó jẹun. Ẹja, ọbẹ̀ bíìtì, àti pierogi, ìyẹ̀fun tí wọ́n fi wàràkàṣì sínú, tí Irena dì fún wa. A bu búrẹ́dì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ti Kérésì pín bí Ìyá ti kọ́ wa, mo ní, "Ìlera àti sùúrù, Norbert." Ó bu tèmi, ó ní, "Ìlera, Lori." Kò wo ojú mi. Mo rò pé Ìyá ló ń rántí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹjọ oṣù Kìíní

Ọmọbìnrin kan pè mí láti ọ́fíìsì ẹgbẹ́, ohùn rẹ̀ dùn bí omi ṣúgà. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá orúkọ àwa méjèèjì ni kí àwọn fi sórí káàdì tàbí ti arákùnrin mi nìkan.

"Káàdì wo?"

"Ti àga yín, mà. Arákùnrin yín ti san ti méjèèjì lọ́jọ́ kejìdínlógún oṣù tó kọjá."

Ọjọ́ kejìdínlógún! Kí lẹ́tà mi tó jáde rárá! Ó ti san, ó sì pè mí láti sọ pé lẹ́tà náà gùn.

Mi ò wọ ìbọ̀wọ́. Mo wakọ̀ lọ sílé rẹ̀, mo bá a níbi tó ti ń kó yìnyín lẹ́nu ọ̀nà. Ó rí ojú mi, ó sì gún ṣọ́bìrì mọ́lẹ̀.

"Mo fẹ́ sọ fún ọ," ó ní.

"Ìgbà wo? Lóṣù Kẹrin, nígbà tí o bá ti jókòó tán, tí o ń jẹ ẹ̀pà?"

"Lori, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni mí. Ọdún mélòó ló kù tí mo fẹ́ máa fi bínú? Kì í ṣe nítorí Montaño ni mo fi ń lọ. Mi ò lọ nítorí ẹnì kankan. Ibi tí mo máa ń jókòó sí ni. Ilé iṣẹ́ irin ti lọ, Barb ti lọ, ṣọ́ọ̀ṣì wa àtijọ́, wọ́n ti tì í. Ibẹ̀ ló kù."

"Wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀! Ṣé o ò rí i ni? Wọ́n mọ̀ pé ibẹ̀ ló kù fún ọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n ṣe ń tutọ́ sí wa lójú, tí wọ́n tún ń gba owó itọ́!"

"Má pariwo. Àwọn Nowicki ń gbọ́ láti ilé kejì."

"Kí àwọn Nowicki gbọ́! O bọ̀ mí lọ́wọ́, Norbert. Pẹ̀lú ọwọ́ yẹn."

Ó wo ọwọ́ rẹ̀. Mo ní kó mú àga kejì, kó gbé kóòtù rẹ̀ lé e lórí, torí ẹni tó ń jókòó síbẹ̀ ti kú. Mo wakọ̀ padà. Ìka mi ti kú tipiri nígbà tí mo délé, mi ò lè ṣí ilẹ̀kùn.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkànlá

Mi ò lọ sí Máàsì. Ó máa wà níbẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Òtútù tó lè pa ajá. Bọ́ọ̀sì kọ̀ láti dáhùn lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ yìí. Ogójì orúkọ ni mo ní. Delmar wá sílé lọ́sàn-án, ó gbọn yìnyín ẹsẹ̀ rẹ̀ nù, ó jókòó láìbọ́ fìlà.

"Kọ orúkọ mi."

"Ìwọ? Ìṣirò ńkọ́?"

"Mo ṣì sọ ọ́ pé kí Montaño lọ. Tí o bá gbé ìbọn sí mi lórí, màá tún un sọ. Ṣùgbọ́n èèyàn tó bá tọ́jú owó lọ́wọ́ ọ̀tún, ó yẹ kó fi ra nǹkan lọ́wọ́ òsì. Mo ti dúró láti oṣù Kejìlá. Wọn ò ra ẹnì kankan mọ́. Hutchens àti alé-eṣinṣin yẹn, ó tán. Owó tí wọ́n tọ́jú, inú àpò ẹnì kan ló wà, kì í ṣe inú pápá." Ó tẹ ìka mọ́ tábìlì. "Wọ́n ti fi mí gẹṣin aáyán, Lorraine. Mo ti ń gbèjà wọn látọjọ́ yìí wá."

Mo fún un ní kọfí. Mo bẹ̀ ẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ òdòdó. Ó ní òun ti gbàgbé. Kò gbàgbé.

Orúkọ mọ́kànlélógójì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Màá kọ gbogbo rẹ̀ kí n má baà gbàgbé bó ṣe lọ.

Ìpàdé ẹgbẹ́ àti àwa olólùfẹ́ rẹ̀, ní gbọ̀ngàn ńlá ìlú. Èèyàn tó ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀. Wọ́n tẹ́ káńpẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé sílẹ̀ kó lè jọ pápá. Renfrew wà lórí pèpéle, aṣọ òtútù aláwọ̀ eérú, bàtà funfun tí yìnyín kò kàn rí. Hutchens jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ga, ó ń tijú, ó ń fọwọ́ ra ìgúnpá láìmọ̀. Mo rí Norbert níwájú, nínú fìlà Atukọ̀ rẹ̀ tó ti ṣá. A ò kí ara wa.

Nígbà tí ìbéèrè kàn mí, mo dìde. Mo di gbohùngbohùn mú.

"Lorraine Dudek ni mí, abala 114. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní. Owó tí ẹ ò fún Montaño, kí ni ẹ fi ṣe?"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Renfrew rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ ṣeun, Lorraine. A mọ bí ó ti dùn yín tó. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ kọ́ ẹgbẹ́ tó máa pẹ́. A ò lè máa san owó fún ohun tí ẹnì kan ti ṣe sẹ́yìn. Ohun tó máa ṣe níwájú là ń sanwó fún."

"Ó ti yé mi, sà. Tèmi tí mo ṣe sẹ́yìn ni ẹ kọ́kọ́ mẹ́nu kàn nínú lẹ́tà yín, pé 'nítorí òótọ́ inú yín láti ọdún pípẹ́,' kí ẹ tó fowó lé owó àga. Ohun tí mo bi yín ni pé kí ni ẹ fi owó náà ṣe. Ta lẹ rà?"

"Inú wa dùn sí Dale..."

"Mi ò bú Dale. Dale, mi ò bú ẹ." Hutchens mi orí sí mi. "Ẹlòmíì ta ni?"

Ó ní kí a fún ẹlòmíràn láyè. Mo la ẹnu láti tún un bi í, gbohùngbohùn ti kú. Wọ́n ti pa á. Mo gbọ́ ohùn ara mi tó kéré bí ti ẹni tó wà nísàlẹ̀ kànga, ojú sì tì mí.

Ìgbà náà ni Delmar dìde lẹ́yìn mi. Ọkùnrin tó ti fi ọgbọ̀n ọdún pariwo lé ajá ò nílò gbohùngbohùn. "Ó NÍ, TA LẸ RÀ?"

Ẹnì kan nínú abala wa gbà á. Òmíràn gbà á. Láìpẹ́ gbogbo gbọ̀ngàn ń pariwo rẹ̀, wọ́n ń fẹsẹ̀ lulẹ̀: Ta lẹ rà? Ta lẹ rà? Ojú Renfrew pọ́n. Ó fara ti tábìlì, gbohùngbohùn tirẹ̀ kò kú, ó sì sọ ọ́ bí ẹni tó ti rẹ̀:

"Mà, ẹ ó padà wá. Gbogbo yín lẹ máa ń padà wá."

Gbọ̀ngàn pa lọ́lọ́. Ó rí i pé òun ti ṣi ẹnu sọ. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ò wá.

Nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ni Norbert dìde níwájú. Ẹ̀gbọ́n mi tí kì í sọ̀rọ̀ láàárín èèyàn mẹ́ta. Ó rìn dé ibi pèpéle, ó ki ọwọ́ bọ àpò rẹ̀, ó yọ káàdì méjèèjì, ó gbé wọn lé orí tábìlì níwájú Renfrew, ọ̀kan lórí èkejì.

"Èmi ni ẹni tó padà wá," ó ní. "Mo da àdéhùn mi pẹ̀lú arábìnrin mi láti padà wá. Ẹ gbà."

Ó yí padà, ó ń bọ̀ láàárín àga, ó ṣí fìlà rẹ̀, kò mọ ibi tó máa gbé e sí. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi ó ní, "Jẹ́ ká máa lọ, Lori, kí n tó ṣubú." Mo di apá rẹ̀ mú. A jọ rìn jáde. Inú ṣì ń bí mi sí i. Mo sọ fún un nínú ọkọ̀. Ó ní òun mọ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Renfrew ní wọ́n gbọ́ òun lódì. Ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀ èèyàn, gbogbo wa la dití.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹta oṣù Kejì

Wọ́n ti mú owó àga padà sí iye tọdún tó kọjá, fún ẹni tó bá san kó tó di ọjọ́ kẹwàá. Wọ́n tún fi fìlà ọ̀fẹ́ kún un. Fìlà!

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlá

Mẹ́tàdínlógún nínú mọ́kànlélógójì ti san. Pat Brennan, tó kọ́kọ́ pè mí lọ́jọ́ tí lẹ́tà jáde, tó ní òun á dùbúlẹ̀ sẹ́nu géètì, fìlà ọ̀fẹ́ náà ló dé wá sílé ọtí Irena. Mo bi í bóyá ó bá a lórí. Ó ní ọmọ ọmọ òun ló fẹ́ lọ. Gbogbo wọn ló lọ́mọ ọmọ lójijì.

Norbert ní kí n fi wọ́n sílẹ̀. Ó ní òun ò lè sọ̀rọ̀ sí ẹnikẹ́ni lórí ìyẹn. Ẹgbẹ́ sì ti kọ̀wé sí i: owó tí a ti san, kì í padà. Wọ́n dá káàdì méjèèjì padà sínú àpòòwé, àwòrán Montaño ṣì wà lójú rẹ̀. Wọn ò tíì lo àpòòwé àtijọ́ tán.

A gbà á láàárín ara wa pé àga méjèèjì máa ṣófo.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Àwọn Atukọ̀ ń dánra wò ní Florida, oòrùn ń pa wọ́n. Mo gbẹ́ bọ́ọ̀sì jáde nínú yìnyín fún ogójì ìṣẹ́jú.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kẹta

Irena bi mí lẹ́yìn Máàsì ohun tí a máa ṣe lọ́jọ́ tí eré máa bẹ̀rẹ̀, àwa mẹ́rìnlélógún tó kù. Mo ní a máa dúró síta, lẹ́bàá ògiri apá òsì pápá, pẹ̀lú pátákó. Ó ní, "Títí dìgbà wo?" Mo ní títí eré á fi parí. Ó ní òun máa gbé ọbẹ̀ wá.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin

Iléèwé wà ní ìsinmi Àjíǹde. Atẹ́gùn láti orí adágún, yìnyín wẹ́wẹ́ tó ń ta èèyàn lójú bí iyanrìn. Agogo kan ọ̀sán la dé ẹ̀yìn ògiri. Mẹ́rìnlélógún la jẹ́ lórí ìwé, méjìlélógún ló wá. Pátákó tèmi ni TA LẸ RÀ? Norbert gbé tirẹ̀, kò kọ nǹkan kan sí i. Ó ní àwọn èèyàn mọ ohun tí òun ń sọ.

Wọ́n ń kọjá lọ sẹ́nu géètì. Àwọn kan pàtẹ́wọ́ fún wa. Ọkùnrin kan ní, "Ẹ wá jókòó, ẹ̀yin arúgbó, ẹ ó kú sínú òtútù!" Delmar dá a lóhùn pé òun ti rí òtútù tó dàgbà ju bàbá rẹ̀ lọ. Pat Brennan kọjá pẹ̀lú ọmọ ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà wà lóòótọ́. Mo juwọ́ sí i, sí ọmọ náà.

Lẹ́yìn náà wọ́n ti géètì, ó wá ku àwa, ògiri, àti ariwo.

Mi ò rò ó pé ibẹ̀ ni wàhálà máa wà. Ẹni tó wà lẹ́yìn ògiri ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò sì mọ nǹkan kan. Ariwo á ru sókè, á rọlẹ̀. Ó jọ pé ẹnì kan gbá a. Ó jọ pé wọ́n mú un. A gbé pátákó dání, ojú wa ń wo ilẹ̀, kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ bèèrè. Irena ń bu ọbẹ̀ bí ẹni wà nílé òkú. Wákàtí kan. Wákàtí méjì. Mo rí i pé Delmar ń mi orí fúnra rẹ̀, mo rí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó jáde lábẹ́ fìlà rẹ̀, tó wọ inú kóòtù. Rédíò. Norbert náà rí i. Gbogbo wọn ti rí i, ó ti pẹ́, èmi ni wọ́n ń wò.

Ariwo kan wá sọ. Kì í ṣe bí ti ìṣáájú. Ó gbéra láti ìsàlẹ̀, ó ń ga sí i, ó ń ga sí i, ògiri ń gbọ̀n mọ́ ẹ̀yìn mi, àwọn ẹyẹ fò lórí òrùlé.

Pátákó bọ́ lọ́wọ́ mi.

"Delmar! Ta ló gbá a?"

Ó gbé ìka sókè. Gbogbo wa yí i ká. "Teague," ó ní. "Alé-eṣinṣin. Bọ́ọ̀lù ń lọ... ó ń lọ sápá òsì... ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa..."

Àwa méjìlélógún gbójú sókè sínú yìnyín.

Kò kọjá. Wọ́n mú un mọ́ ògiri, ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ méjì sí ibi tí mo dúró sí. Ó parí. Mẹ́ta sí méjì, a pàdánù.

Mo ti délé, mo ti ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná, mi ò lè jẹun. Hutchens ò burú, mo gbà. Ìpele mẹ́fà, àmì kan péré ni wọ́n rí gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ló wá dé tí wọ́n fi dá a padà sí ìpele keje, nígbà tí Delmar ní gbogbo ayé ń rí i pé apá rẹ̀ ti wúwo? Ajubọ́ọ̀lù mẹ́ta ló jókòó, tí ara wọn gbóná, ẹnì kan ò pè wọ́n! Àgbàlagbà tí wọ́n la ìgúnpá fún, nínú òtútù báyìí! Mo pe Norbert kí n sọ ọ́ fún un, ìlà tẹlifóònù rẹ̀ dí. Èmi ni òun náà ń pè.